Má Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Adó, Gùn Ún Bọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni mò ń gbé, ẹni ọdún 29 ni mí. Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ kí màmá mi ní Adó Èkìtì nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ̀. Fóònù mi ní kí n gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 180. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́ rí, mo sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà, ni mo ṣe rò pé ọjọ́ méjì á tó. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọ̀nà yẹn dáa?
Ọmọ Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN: Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́ tó sì padà lọ́jọ́ kan náà kì í ṣe ọ̀lẹ, mo kí ọ. Àmọ́ kìlómítà nìkan lo kọ ránṣẹ́ sí mi, kìlómítà kọ́ ló ń pa oníkẹ̀kẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀yìn lo ti mú ìrìnàjò yìí. Di kẹ̀kẹ́ mọ́ orí mọ́tò lọ sí Adó, lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ màmá rẹ, kí o wá gùn ún bọ̀ wálé.

Gbọ́ ìdí rẹ̀. Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ tí o mú yìí, ọyẹ́ wà lóde. Láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, lọ́nà Sàhárà, ni atẹ́gùn rẹ̀ ti ń fẹ́ wá. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sókè, ojú ni yóò fi máa gba eruku. Ẹni tó ń bọ̀ wálé, ọyẹ́ á máa tì í lẹ́yìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ti oòrùn tún wà níbẹ̀. Àárọ̀ ni à ń gun kẹ̀kẹ́. Bí o bá kọjú sí Adó láàárọ̀, oòrùn á wà lójú rẹ, á sì wà lójú awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Awakọ̀ tí oòrùn ń ta sí lójú kì í rí kẹ̀kẹ́. Adó sì fi bíi 200 mítà ga ju Ìbàdàn lọ. Mi ò sọ pé o ò ní gun òkè kankan o: láti Arámọkọ títí dé Èfọ̀n Alààyè, itan rẹ á sọ ìtàn fún ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn, nígbà tí ara ṣì le.

Ọ̀nà Ifẹ̀ tí fóònù ń wí, mi ò fọwọ́ sí i. Eré tí tírélà àti bọ́ọ̀sì ń sá láàárín Ifẹ̀ àti Ìbàdàn kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Dòdò Ìkirè dùn lóòótọ́. Mọ́tò ni kí o wọ̀ lọ rà á. Bí o bá dé Iléṣà, yà sí Òṣogbo, kí o sì ti ibẹ̀ gba Ìwó wọ Ìbàdàn. Ó fi bíi kìlómítà mẹ́wàá gùn ju ti fóònù lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ fún kẹ̀kẹ́. Ojú irin ló kọ́ mi ní èyí. Ọdún 1901 ni rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n tún ń là á lọ sí Òkè Ọya, Lálúpọn, Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo ni wọ́n gbà. Rélùwéè kì í gun òkè tó dúró ṣánṣán. Àwọn tó la ojú irin ti fi owó ọba bá wa wá ibi tó tẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kí o pín in sí. Sun Iléṣà lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní; bíi kìlómítà 70 ni láti Adó, òkè ibẹ̀ ló sì jẹ́ kí ó tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, jẹun ọ̀sán ní Òṣogbo, kí o sun Ìwó. Ọjọ́ kẹta kò ju kìlómítà 45 lọ, o ti wà ní Mọ́kọ́lá kí oòrùn tó kan àtàrí.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi etí méjèèjì gbọ́ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láti Èfọ̀n sọ̀ kalẹ̀ sí Ìwàràjà. Ní 1988, tíṣà kékeré ni mí ní Iléṣà, mo ní Raleigh dúdú kan tí mò ń fi òróró pa bí ọmọ tuntun. Láti orí òkè Èfọ̀n ni mo ti di bíréèkì mú, mi ò tú u sílẹ̀ rárá. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rọ́bà. Nígbà tí mo fi máa dé kọ́nà kan, mo tẹ bíréèkì, ó kàn wọlé wẹ́rẹ́ ni, kẹ̀kẹ́ ò dáhùn. Mo darí rẹ̀ sínú koríko, èmi àti rẹ̀ jọ ṣubú. Ìyá kan tó ru igi ìdáná dúró, ó wò mí títí, ó ní, “Tíṣà, kí lẹ̀ ń wá nínú igbó?” Nítorí náà, tẹ bíréèkì, tú u, tún un tẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn. Dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà kí rímù tutù.

Kí o tó gbéra, lọ sí gáréèjì ní Adó, bi àwọn awakọ̀ Iléṣà bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣàwàdà. Bí wọ́n bá fajú ro nígbà tí o dárúkọ Ìtawúrẹ́ tàbí Èfọ̀n, gbé kẹ̀kẹ́ sínú mọ́tò wọn títí dé Iléṣà, kí o bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Má rin òru, má sì dá rìn bí o bá lè rí ẹnì kejì. Ilẹ̀ kì í tètè mọ́ lóṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Bí aago méje bá ku díẹ̀ ni kí o jáde.

Màmá rẹ á fẹ́ gúnyán fún ọ láàárọ̀ ọjọ́ tí o máa lọ. Bẹ̀ ẹ́ kí ó gún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí mo mọ ohun tí iyán ń ṣe fún ènìyàn ní ẹsẹ̀ òkè. Iṣu tó bá sì fẹ́ dì fún ọ, kí ó fi rán ọlọ́kọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti London. Fọkanáísà ní òun ò lè fẹ́ atẹ́gùn sí i, pé ẹnu túúbù rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ṣé kí n pààrọ̀ táyà ni?
Abíọ́dún, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá o, má náwó. Ẹnu túúbù tí wọ́n ń pè ní Presta ni, ti mọ́tò ni ẹ̀rọ fọkanáísà mọ̀. Irin róbótó kékeré kan wà tí à ń dè mọ́ ọn lẹ́nu tí yóò fi dà bíi ti mọ́tò. Bi àwọn tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, tàbí kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́. Kọ́kọ́ tú ṣóńṣó orí túúbù náà díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn ò ní wọlé. Ìwọ̀n atẹ́gùn wà lára táyà, kà á sí fọkanáísà létí kí ó má lọ bẹ́ ẹ. Ra irin náà ní méjì, torí bí ó bá já bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó lọ nìyẹn. Ara kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo so tèmi mọ́.