Bí o kò bá ní físà Nepal, yọ Lumbini kúrò

Àbúrò, o ní Delhi lo ti ń kàwé, pé o fẹ́ fi ìsinmi oṣù Kejìlá dé ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kà sí mímọ́ jù: Lumbini tí wọ́n ti bí Búdà, Bodh Gaya tí òye ti là á lábẹ́ igi, Sarnath tó ti kọ́kọ́ wàásù, àti Kushinagar tó kú sí. O wá béèrè bóyá ọ̀sẹ̀ kan á tó, àti bóyá páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà á dá wàhálà sílẹ̀. Èmi náà kàwé ní Íńdíà, mo sì rin ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ọmọ kíláàsì mi méjì, ọmọ Gánà kan àti ọmọ Jámánì kan. Ojú wa rí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kan ò tó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí físà Nepal ò bá sí lọ́wọ́ rẹ báyìí, yọ Lumbini kúrò, kó o lo àkókò rẹ̀ ní Bodh Gaya.

Nepal ni Lumbini wà, kì í ṣe Íńdíà. Gorakhpur, ìlú kan ní Íńdíà, ni wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibodè Sunauli. Àwọn tó ń kọ ọ́ pé ẹnu ibodè ni èèyàn ti ń san dọ́là gba físà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ fún ara wọn ni. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí Nepal kì í fún ọmọ ibẹ̀ ní físà lẹ́nu ibodè. Nàìjíríà wà nínú wọn, Gánà wà níbẹ̀, Kamẹrúùnù àti Etiópíà náà ò gbẹ́yìn. Èmi ti gba tèmi ní ẹ́ńbásì wọn ní Delhi ká tó gbéra. Ọmọ Gánà yẹn ní òun á bá wọn sọ ọ́, pé ẹnu òun dùn.

Ẹnu rẹ̀ dùn lóòótọ́, wọ́n tiẹ̀ fún un ní tíì. Ọmọ Jámánì sanwó, wọ́n lẹ físà tirẹ̀, ó kọjá. Wọn ò lẹ nǹkan kan fún ọmọ Gánà. Èyí tó wá le jù ni pé Íńdíà ti lu òǹtẹ̀ ìjáde sínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn lèèyàn ti ń kọ́kọ́ kọjá. Nepal ò gbà á, Íńdíà náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti lọ. Ó ní láti padà lọ bẹ àwọn aṣọ́bodè Íńdíà pé kí wọ́n fagi lé òǹtẹ̀ náà. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọ̀gá kan tó dá a lóhùn. Mi ò lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀ lóru, ni mo bá ní kí wọ́n fagi lé tèmi náà, a sì jọ padà sí Gorakhpur. Físà tí mo fowó gbà kú sínú páásípọ́ọ̀tù mi. Títí dòní, mi ò tíì rí òpó òkúta tí Ashoka, ọba Íńdíà láyé àtijọ́, rì sí Lumbini, kò sì dùn mí.

Bí o bá sì ní físà Nepal, rí i dájú pé físà Íńdíà tìrẹ gbà ọ́ láàyè láti jáde kó o tún wọlé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn odi lo máa wà tí ìdánwò á fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ló kàn, ẹnikẹ́ni kì í sì sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Òfin Íńdíà ni pé ẹni tó bá gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè sùn gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Form C ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké ò fẹ́ wàhálà yẹn, torí náà bí wọ́n bá ti rí ojú rẹ, wọ́n á ní yàrá ti kún. Kùrukùru ti dá ọkọ̀ ojú irin wa dúró, òru la wọ Gaya, ìlú tí èèyàn ti ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú reluwé bó bá ń lọ sí Bodh Gaya. Èyí tí a ti sanwó sí lórí fóònù lé wa, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ náà lé wa. Yàrá ìdúró ní ibùdókọ̀ la sùn, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo orí. Nítorí náà, pè wọ́n kó o tó sanwó, kó o béèrè bóyá wọ́n ń ṣe Form C. Di ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù, físà àti ìwé ìgbélùú rẹ dání. Àwọn ilé àwọn mọ́ǹkì kan ní Bodh Gaya náà máa ń gba àlejò, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé yẹn.

Kùrukùru oṣù Kejìlá kì í ṣe eré. Reluwé lè fi wákàtí mẹ́wàá pẹ́, má fi ọkọ̀ kan lé òmíràn nínú ọjọ́ kan náà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ bá ṣì wà lórí WL, ìyẹn orúkọ àwọn tó ń dúró de ààyè, nígbà tí wọ́n bá to orúkọ èrò, o ò lè wọlé, wọ́n á dá owó rẹ padà. Ti RAC, ìyẹn ti ẹni tó rí ààyè jókòó tó ń retí kí ẹlòmíì fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, dára díẹ̀, wàá wọlé, ṣùgbọ́n ìwọ àti ẹlòmíì lẹ jọ máa pín bẹ́ẹ̀dì kan.

Bodh Gaya wá ńkọ́? Á, ibẹ̀ ni kó o jókòó sí. Tẹ́ńpìlì Mahabodhi ga tó mítà 55, igi náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe igi ìgbà Búdà gan-an, irú-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ní ó jẹ́. Oṣù Kejìlá làwọn ará Tibet máa ń ya bò ó. Wàá rí wọn tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, wọ́n á dìde, wọ́n á tún dọ̀bálẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ará Sri Lanka á wọ aṣọ funfun, àwọn ará Thailand á máa kọrin tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kálukú pẹ̀lú èdè rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan jà. Bí ewé igi náà kan bá já bọ́, àgbà ń sáré, ọmọdé ń sáré lọ he é. Má já a lórí igi o! Bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà, apá ọ̀tún rẹ ni kí tẹ́ńpìlì wà bí o bá ń yí i ká. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú fóònù wọlé. Lẹ́yìn bọ́ǹbù tó bú níbẹ̀ lọ́dún 2013 ni wọ́n ti le tó bẹ́ẹ̀. Fi tìrẹ pa mọ́ síbi tí wọ́n ń gbà á sí.

Wọ́n á wò ọ́ o. Wọ́n á ní kó o bá àwọn ya fọ́tò, títí ó fi máa sú ọ. Èyí ò burú. Ẹni tó yẹ kó o ṣọ́ra fún ni ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìẹ lòun, tó wá fẹ́ mú ọ lọ wo iléèwé àwọn ọmọ aláìníyàá. Owó ló ń wá. Má sì gbé bíà wọ Bihar, ìpínlẹ̀ tí Bodh Gaya wà, kódà ìgò kan, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti fòfin de ọtí láti ọdún 2016, wọ́n sì ń ti èèyàn mọ́lé torí ẹ̀.

Sarnath rọrùn ní tiẹ̀: kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé ọ láti Varanasi, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá ni. Má lọ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n máa ń ti mùsíọ́ọ̀mù, inú ẹ̀ sì ni ère kìnnìún Ashoka tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó Íńdíà wà. Kushinagar kéré; ère Búdà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni wàá wò, ó gùn tó mítà mẹ́fà. Ààbọ̀ ọjọ́ tó o.

Bó o bá fẹ́ ọ̀nà tí kò ní dà ọ́ láàmú: Delhi sí Varanasi, Varanasi sí Gaya, kó o wọ Mahabodhi Express láti Gaya padà sí Delhi. Ìwé ìgbélùú rẹ ńkọ́, ìgbà wo ló máa parí? Bó bá jẹ́ inú oṣù Kejìlá yẹn ni, tún un ṣe kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan.