Ṣé wọ́n lè pè wá lẹ́jọ́ tí a bá tún Star Trek ṣe ní Yorùbá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Houston ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbé. Star Trek àtijọ́, eré tẹlifíṣọ̀n nípa ọkọ̀ Enterprise tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, èyí tí Kirk àti Spock wà nínú ẹ̀, bàbá mi ló kọ́ mi láti máa wò ó. A ti fi pákó kan ibi ìdarí ọkọ̀ Enterprise síbi tí ọ̀rẹ́ wa kan ń gbé mọ́tò sí nílé rẹ̀, télọ̀ sì ti ń rán aṣọ. A fẹ́ mú apá kan nínú eré náà, ká tún un ṣe bó ṣe wà gan-an, àmọ́ kí gbogbo wọn máa sọ Yorùbá. A fẹ́ dáwó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fi 100 dọ́là sílẹ̀ á gba fìlà tó ní àmì ọkọ̀ náà, a ó sì gbé eré náà sórí YouTube. A ò ní ta á. Ẹnì kan wá sọ pé wọ́n á gbé wa lọ sí kóòtù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Mo wo àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ ṣe to bọ́tìnnì sí apá àga Kirk yẹn wú mi lórí.

Ẹni tó kìlọ̀ fún yín kò parọ́. Wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́. Bóyá wọ́n á pè yín lọ̀rọ̀ kù sí, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹn sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù nínú ètò yín kì í ṣe YouTube, kì í sì í ṣe owó. "Bó ṣe wà gan-an" tí ẹ kọ yẹn ni.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966 ni eré yìí kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1969 lẹ́yìn apá 79. Ọdún 95 ni òfin copyright (ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́) ti Amẹ́ríkà fi ń dáàbò bo irú iṣẹ́ ìgbà yẹn. Nítorí náà, àwọn apá tó jáde ní 1966 gan-an kò ní bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé títí di ọjọ́ kìíní ọdún 2062. Títí dìgbà náà, ẹni tó ni ín, ìyẹn Paramount lónìí, nìkan ló láṣẹ láti tún un ṣe, láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, tàbí láti yọ iṣẹ́ tuntun jáde lára rẹ̀. Yorùbá tí ẹ fẹ́ fi sọ ọ́ kò sọ ọ́ di tiyín. Tí wọ́n bá sì borí yín, kóòtù lè ní kí ẹ san láti 750 dọ́là dé 30,000 lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè gun 150,000 tó bá hàn pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni. (Ẹni tó ti kọ̀wé bi lọ́yà ò kúkú lè sọ pé òun ò mọ̀.)

"A ò ní ta á" ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníbàárà mi máa fi ń gbèjà ara wọn. Òótọ́ ni pé òfin fàyè gba lílo iṣẹ́ oníṣẹ́ níwọ̀nba láìtọrọ àṣẹ, owó sì wà lára ohun tí adájọ́ máa wò. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tí ẹ mú níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó máa ṣe sí ọjà ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú odindi apá kan, ẹ ti kùnà níbi ìkẹta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ilé-iṣẹ́ wọn ń mójú kúrò. Ní Ticonderoga, ní ìpínlẹ̀ New York, James Cawley, tó ń fi ṣíṣe bí Elvis Presley jẹun, gba àwòrán ètò tí wọ́n fi kọ́ set (ibi tí wọ́n ti ń ya eré) àkọ́kọ́, ó fi kọ́ gbogbo inú ọkọ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá tuntun jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2004. George Takei, tó ṣe Sulu nínú eré àkọ́kọ́, bá wọn ṣe ọ̀kan tó jáde ní 2007, wọ́n sì yan apá náà mọ́ àwọn tó ń du Hugo, ẹ̀bùn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní Kingsland, ní Georgia, àwọn Star Trek Continues náà ṣe apá 11 láàárín 2013 sí 2017. Ọmọ James Doohan tó ṣe Scotty nígbà àkọ́kọ́ ló ṣe Scotty tiwọn. Tí ẹ bá wo iná, àwọ̀ ara ògiri, bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà, ẹ ó rò pé 1968 ni. Síbẹ̀, ìtàn tuntun ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé NBC kò dá eré náà dúró.

Axanar, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ mìíràn, ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n gbé fíìmù kékeré kan jáde ní 2014, ó dára, àwọn èèyàn sì dáwó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là fún wọn láti ṣe èyí tó gùn. Wọ́n gba ilé, wọ́n ń kọ́ sítúdíò síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2015, CBS àti Paramount, tí wọ́n jọ ni Star Trek nígbà náà, pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Los Angeles. Ẹjọ́ náà ní àríyá tirẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣẹ̀dá èdè kọ̀wé sí kóòtù pé kò sẹ́ni tó lè di Klingon, èdè tí wọ́n ṣẹ̀dá fún Star Trek, mú bí ohun-ìní, wọ́n sì fi Klingon kọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 2017, Adájọ́ R. Gary Klausner sọ pé wọn ò lè fi lílo níwọ̀nba gbèjà ara wọn. Pé wọn ò gba owó ìwòran kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó rí i pé èrè ń bọ̀ fún wọn lọ́nà mìíràn. Bí wọ́n sì ṣe ń fọ́nnu pé gbogbo iṣẹ́ wọn bá ti Star Trek mu láìyẹsẹ̀, òun gan-an ló yí padà dojú kọ wọ́n. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti bá ara wọn yanjú rẹ̀.

Bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Ẹjọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2016 tí CBS àti Paramount fi gbé ìlànà jáde fún gbogbo olólùfẹ́ tó bá fẹ́ ṣe fíìmù Star Trek. Ìlànà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ jáde, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pákó yín.

Ó ní ohun tí ẹ bá ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Kò gbọdọ̀ jẹ́ àtúnṣe apá kankan tó ti jáde, ẹ ò sì gbọdọ̀ gé àwòrán kankan láti inú rẹ̀. Ẹ rí i pé ibi tí ètò yín dúró lé gan-an ló kọ́kọ́ wó. Ìtàn kan kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 15. Tí ẹ bá pín in sí méjì, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju 30 lọ, kò sì sí síísìn kejì. Àwọn apá àtijọ́ ń lọ bí ìṣẹ́jú 50, nítorí náà, kódà ká ní wọ́n gbà yín láyè, kò ní wọlé.

Ní ti owó, ẹ lè dá tó 50,000 dọ́là jọ, owó tí ojúlé ìdáwójọ máa yọ náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fi ohun tó ní àmì Star Trek tí ẹ ṣe fúnra yín san oore. Fìlà yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ fún wọn ní orúkọ níparí eré, tàbí kí ẹ pè wọ́n wá wo set. Lórí YouTube, ẹ pa ìpolówó. Ẹ má ṣe DVD. Ẹ má san owó fún òṣèré tàbí ẹni tó gbé kámẹ́rà, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni tó ti ṣiṣẹ́ lórí Star Trek gidi rí. Ìyẹn ni pé wọ́n ti wọ́gi lé irú ohun tí Takei ṣe ní 2007.

"Star Trek" kò gbọdọ̀ wọ inú àkọlé yín, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbólóhùn tí wọ́n là sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, pé iṣẹ́ olólùfẹ́ Star Trek ni, àti ìkéde pé ilé-iṣẹ́ náà kò lọ́wọ́ sí i. Aṣọ àti ohun èlò tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tí wọ́n fàṣẹ sí, kì í ṣe ayédèrú. Ohun tí ẹ rà lọ́jà ni gbólóhùn yẹn ń bá wí, nítorí náà kí télọ̀ yín máa ránṣọ lọ. Kò gbọdọ̀ sí èébú, ìhòòhò, sìgá tàbí ọtí. Scotty fẹ́ràn ọtí líle nínú eré àkọ́kọ́. Nínú tiyín, ẹ fún un ní zobo.

Ohùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn, Alexander Courage ló kọ ọ́, ó sì ní copyright tirẹ̀. Kódà tí ẹ bá fi dùùrù tiyín kọ ọ́, ẹ nílò àṣẹ. Ẹ̀rọ YouTube tó ń dá ohùn mọ̀ yára ju lọ́yà lọ. Ẹ wá onílù tiyín.

Mo fẹ́ kí èyí yé yín: ìlànà yẹn kì í ṣe òfin, kò sì fún yín ní ẹ̀tọ́ kankan. Wọ́n kàn sọ pé tí ẹ bá dúró síbẹ̀, àwọn ò ní bá yín fa wàhálà ni, wọ́n sì lè yí i padà nígbàkigbà. Àwọn Star Trek Continues gbé apá tó gùn ju ìṣẹ́jú 15 jáde lẹ́yìn ìlànà náà, kò sẹ́ni tó pè wọ́n lẹ́jọ́. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fi ìyẹn dánra wò. Ẹ̀yin náà sì lè sọ pé àwọn Ikorodu Bois ń fi kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù àti ohun inú ilé ṣàfarawé fíìmù àwọn òyìnbó, Netflix sì fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n oore ẹni tó ni nǹkan ni. Ẹ ò lè gbé oore ẹlòmíràn lọ sí kóòtù.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ ìtàn tiyín, ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lo ọkọ̀ àti ayé náà. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, torí àtúnṣe ni ẹ fẹ́. Tí ọkàn yín kò bá gbà á, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí ẹ tọrọ àṣẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Apá kan wà nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Britain, "Mission to the Unknown", tí BBC fi hàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 1965, tí fíìmù rẹ̀ sì ti sọnù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Yunifásítì Central Lancashire, ní Preston, tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, BBC sì fúnra rẹ̀ gbé e sórí YouTube ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 2019. Wọ́n gba àṣẹ BBC, wọ́n sì gba ti ìdílé Terry Nation tó ni àwọn Dalek, ìyẹn àwọn ọ̀tá inú eré náà.

Lẹ́tà tiyín kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: apá wo ni, ìṣẹ́jú mélòó, pé Yorùbá ni, pé kò sówó níbẹ̀, ibi tí ẹ máa gbé e sí. Ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó ya àwòrán kankan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fèsì, ẹ má sì ka ìyẹn sí pé wọ́n gbà. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, ẹ jókòó kọ ìtàn tiyín, kí ẹ sì fi ìwé eré náà ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín wò ó kí ẹ tó tan iná set.