“Ná” yàtọ̀ sí “rà”

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin lọ wo aṣọ òfì ní Ìlọrin fún ìnáwó tí a fẹ́ ṣe, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé, “Mo ná an ní 30,000 náírà.” Mo rò pé kò tíì rà á, mo sì ní kó fi 2,000 kún un. Àṣé ó ti sanwó, ó sì ti wọkọ̀ bọ̀ wálé. Ta ló ṣì í nínú àwa méjèèjì? — Òǹkàwé kan, Òfà.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ bó ṣe yẹ. Bí ẹnì kan bá ní òun ná ọjà ní iye kan, ohun tó ń sọ ni pé iye yẹn ni òun fi lọ ẹni tó ń tà á. Ọlọ́jà lè gbà, ó sì lè kọ̀, kọ́bọ̀ kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jọ pé “Ó ná mi ní 30,000 náírà” ni ọmọ yín fẹ́ kọ. Bí èmi bá ná aṣọ, a ṣì wà lẹ́nu ìdúnàádúrà. Bí aṣọ bá ná mi ní iye kan, owó ti lọ nìyẹn.

Ti owó fúnra rẹ̀ kò le: ká ná owó ni ká fi ra nǹkan. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023 pé kí owó 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ ṣì wà lójú ọjà títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, ohun tí ìdájọ́ náà ń wí ni pé owó náà ṣì ṣeé ná.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mi ò fẹ́ kó parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa, ni lílò rẹ̀ fún ọjọ́ ọjà. Bí àgbà Ìgbómìnà bá ní ọrọọrún (ọjọ́ márùn-ún márùn-ún) ni wọ́n ń ná ọjà kan, kò sọ̀rọ̀ iye owó rárá. Ọjọ́ tí tolùtà tolùrà ń pàdé níbẹ̀ ló ń sọ. Ọjọ́ ọjà méjèèjì la sì ń kà mọ́ ọn: èyí tí a bá ná ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì la ó tún ná an.

Bí ọmọ yín bá ti kọ ọ́ báyìí ni, ẹ̀yin méjèèjì ì bá gbọ́ ara yín yé: “Mo ná an ní 30,000, wọ́n gbà, mo ti rà á.”