Èsì: Mo mọ fọ́múlà, síbẹ̀ mo ń pàdánù máàkì

Àbúrò, o ní láti ìgbà tí o ti kúrò ní Kétu wá sí yunifásítì l'Ájàṣẹ́, o há fọ́múlà trigonométrie (ìṣirò igun, ti sin àti cos) sórí tán, síbẹ̀ máàkì kò wá. Lójú tèmi, ìdáhùn tó ń bọ́ sọnù ló ń dà ọ́ láàmú.

Wo 2 sin x cos x = cos x, láti 0 dé 2π. Ọ̀pọ̀ á fi cos x pín apá méjèèjì, wọ́n á kọ π/6, ó tán. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn! Cos x lè jẹ́ 0, a kì í sì í fi 0 pín nǹkan. Kó gbogbo rẹ̀ sápá kan: cos x (2 sin x − 1) = 0. Cos x = 0 mú π/2 àti 3π/2 wá; sin x = 1/2 mú π/6 àti 5π/6 wá. Mẹ́rin ni. Ẹ̀rọ ìṣirò kò ní fún ọ ní 5π/6, àfi kí o ya òbìrí tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1 kí o wò ó.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó lè máa wọn igun ní dìgírì tàbí ní rádíánì (irú èyí tí a fi kọ π/6). Tẹ sin 30 kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 0,5, dìgírì ló wà. Bó bá jẹ́ −0,988, rádíánì ni.

Sin àti cos igun 0, π/6, π/4, π/3 àti π/2 nìkan ni kí o há sórí. Òbìrí yẹn ló máa sọ ìyókù, tí o bá ti lè yà á láìwo ìwé.