Kí Ló Ń Mú Kí Olówó Pa Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Kan Tì, Kó Mú Òmíràn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wa ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan tí n kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, bí mo bá gbé e sílẹ̀ lálẹ́ nínú ọgbà mi ní Básírì, kí ilẹ̀ tó mọ́, iwájú rẹ̀ lápá òsì á ti wólẹ̀ débi pé ara ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo táyà mọ́lẹ̀. Àwa márùn-ún la jọ ń wa irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Mẹ́ta ti tà á, wọ́n ti ra Lexus. Ṣé ojú ayé lásán ni wọ́n ń ṣe, àbí wọ́n rí ohun tí èmi kò rí? (Òǹkàwé kan, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa, bàbá wa. Mo gbà pé kì í ṣe ojú ayé lásán. Ohun tó ń fa ènìyàn lọ sídìí ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni ẹwà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àti ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ lóde ìnáwó. Láyé ìjọ́sí, bí ẹnìkan bá gbé Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ wọ̀lú, tọmọdé tàgbà ni yóò jáde wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹwà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn tó ti ra ọkọ̀ náà tán ni: ta ló mọ̀ ọ́n tún ṣe, níbo ni wọ́n ti ń ta páátì rẹ̀, èló sì ni wọn yóò dá lé e lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á.

Ọkọ̀ tiyín gan-an jẹ́rìí sí i. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, ó jọ pé àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé e dúró, dípò sípíríǹgì onírin. Irú rẹ̀ wà lára àwọn Mercedes-Benz kan, ó wà lára Range Rover, ó sì wà lára Lexus LS mìíràn pàápàá. Òun ló ń jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí títì. Àmọ́ rọ́bà a máa gbó, a sì máa sán. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ ẹ sínú àpò náà kò ní rójú sinmi mọ́. Bí ẹ kò bá tètè pààrọ̀ àpò náà, ẹ̀rọ yẹn yóò jóná, ìnáwó kan yóò sì di méjì. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fi jáàkì àti irin ìdúró gbé ọkọ̀ náà dáadáa, kí ó wá da omi ọṣẹ sára àpò náà: ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Ní ti Lexus, ilé-iṣẹ́ Toyota ló ni ín. Ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà, LS 400 sì wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 3.5, tó wà nínú RX 350 tí a ń rí káàkiri, ẹbí kan náà ni òun àti ti Toyota Highlander àti ti Camry onísílíńdà mẹ́fà. Nítorí náà, ẹni tó ń tún Camry ṣe ní Ajílósùn ti mọ ọ̀nà inú Lexus kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ yín rí nìyẹn. RX 350 yìí sì tún jẹ́ jíìpù tó ga nílẹ̀, èyí tí ẹni tó bá ń ti Àrámọ̀kọ gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yóò mọ rírì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló ń yá ọkọ̀ bọ̀gìnnì lò fún bí ọdún mẹ́ta, tí wọ́n á dá a padà, ìgbà yẹn gan-an sì ni ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń rí wọn fà mọ́ra. Níhìn-ín, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, owó ọwọ́ la sì fi ń rà á. Ẹni tó bá ṣì í rà, òun ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì àti gíà ọkọ̀ yín bá ṣì le, ẹ pààrọ̀ àpò náà ná. Bí ẹ bá gbé e tà bó ṣe wólẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀kúyọ̀kú ni wọn yóò fẹ́ rà á. Àwọn kan a máa yọ àpò náà, wọ́n á fi sípíríǹgì onírin rọ́pò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò ní rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, iná ìkìlọ̀ sì lè má kú nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Lexus náà lọkàn yín fà sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àpò afẹ́fẹ́ ló gbé èyí tí ẹ fẹ́ rà. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kí ó pa á láti alẹ́, kí ẹ sì débẹ̀ ní ìdájí, kí ó tó ṣí i rárá, láti wò ó bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dúró dọ́gba.