Orí Onílẹ̀kùn Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Akẹ́rù Fọ́ọ̀-Wíìlì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní Mitsubishi Canter kan tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn jọ ń fà, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta péré ni orí rẹ̀ ń gbà. Mo fi ń kó iṣu àti pákó láti oko wa lẹ́yìn Ìsánlú, orí ẹrù sì ni àwọn òṣìṣẹ́ mi ń jókòó sí, èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wẹ́dà kan ní Kabba ní òun lè gé ṣáásí, ìyẹn irin gígùn tí ó gbé ọkọ̀ ró, láàárín, kí òun fà á gùn, kí òun sì gbé orí onílẹ̀kùn mẹ́rin lé e. Ṣé kí n gbà fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà fún un. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, nítorí àwọn tí ó ń ṣe Canter pàápàá máa ń ṣe èyí tí ó gba èèyàn mẹ́fà tàbí méje, ṣùgbọ́n gígé ṣáásí ni ó yẹ kí a fi ṣe àṣekágbá, bí ọ̀nà mìíràn kò bá sí.

Orí ọkọ̀ yín jókòó lé ẹ́ńjìnnì àti táyà iwájú, nítorí náà ẹ̀yìn nìkan ni orí tí ó gùn lè yà sí, yóò sì gba nǹkan bí mítà kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá odidi orí onílẹ̀kùn mẹ́rin ti irú Canter kan náà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta àlòkù, kí ẹ sì gé bọ́dì ìkẹ́rù kúrú dípò ṣáásí. Pùròpẹ́là (ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sí táyà) àti páìpù búréèkì yóò wà ní ipò wọn. Àyè ẹrù yóò dín kù lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ rí i pé àárín ẹrù kò kọjá sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iwájú ọkọ̀ yóò fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí kò sì ní gbọ́ràn mọ́ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè.

Bí ẹ bá ta kú pé ẹ fẹ́ fa ṣáásí gùn, ẹ̀yìn gíà kékeré tí ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ó lè jẹ́ pé pùròpẹ́là ẹ̀yìn nìkan ni iṣẹ́ yóò kàn. Wọn kò gbọdọ̀ lu ihò sí etí òkè tàbí etí ìsàlẹ̀ irin ṣáásí, nítorí ibẹ̀ ni ìnira ẹrù ti ń pọ̀ jù lọ.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ń gbàgbé ni pé orí yìí ni mẹkáníìkì ń ṣí dojú dé iwájú kí ó tó rí ẹ́ńjìnnì. Irin lílọ́ tí ń bá a gbé e sókè nísàlẹ̀ mọ ìwọ̀n orí kúkúrú nìkan. Bí ẹ bá fi gbé orí tí ó wúwo, ó lè já lé èèyàn lórí. Ẹ ra irin náà, àgbékọ́ rẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ àti ọ̀pá ìdádúró rẹ̀ mọ́ orí tí ẹ bá rà.

Ọ̀nà oko máa ń lọ́ ṣáásí, nítorí náà orí rọ́bà ni ẹ̀yìn orí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ gbé táyà iwájú kan gun òkúta ńlá, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì tì wọ́n. Bí ọ̀kan bá há, wọ́n ti de orí mọ́ ṣáásí jù. Kí wẹ́dà tú u, kí ó tún un dè.