Kaṣíà Mẹ́ta Láàárín Ọdún Kan: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Rí Ẹni Tí Yóò Dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé búrẹ́dì ní Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ 11 ló wà níbẹ̀. Láàárín ọdún kan, kaṣíà mẹ́ta ni mo ti gbà. Ẹni àkọ́kọ́ lọ láìdágbére lẹ́yìn oṣù méjì. Owó ń dín lọ́wọ́ ẹni kejì, mo sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ títí òun náà fi lọ. Ẹni kẹta tó wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ìṣirò kò yé e, n kò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún ìyá rẹ̀. ₦45,000 ni mo ń san lóṣù, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni iṣẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀ dáadáa nígbà tí mo fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Kí ni mo ń ṣe tí kò dára? Ṣé mo sì lè máa yọ owó tó bá dín nínú owó oṣù wọn?
— Ìyá Oníbúrẹ́dì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbéèrè yín tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè gbé yín dé ilé ẹjọ́. Rárá, ẹ kò lè kàn máa yọ owó tó bá dín nínú owó oṣù kaṣíà. Abala 5 nínú Labour Act, òfin tó de agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, kò fàyè gbà á kí agbanisíṣẹ́ bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ kí ó sì yọ ọ́ nínú owó rẹ̀, ì báà jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà ti fọwọ́ síwèé pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ hùwà tó fa àdánù, tàbí àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, òfin gbà kí ẹ yọ iye tó bójú mu, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ labour officer tí ìjọba yàn. Àròpọ̀ ohun tí ẹ bá yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn òfin. Bí ẹ bá yọ owó, ẹ kò tíì mọ ìdí tó fi dín. Ní ilé búrẹ́dì, ibi mélòó kan ni owó sábà máa ń gbà jò: wọn kò ka búrẹ́dì nígbà tó ń ti ibi ààrò bọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń kó ọjà láwìn gbé e lọ láìsí àkọsílẹ̀, oníbàárà fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú hàn, kaṣíà kò sì wo àkáǹtì, tàbí ẹni méjì ń tọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀ kan náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù. Níbi tí ẹni méjì bá ti ń lo dúrọ́ọ̀ kan, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ọwọ́ ẹni tí owó ti dín, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ bínú lọ. Kí kaṣíà kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n ka owó ṣéńjì fún un láàárọ̀ lójú rẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ gba ipò rẹ̀ lọ́sàn-án, kí àwọn méjèèjì jọ ka owó àti búrẹ́dì kí wọ́n tó pààrọ̀.

Owó oṣù ló kàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦600 ló fi ń wọkọ̀ wá, ₦600 ló fi ń padà, ọjọ́ 26 ló sì ń ṣiṣẹ́ lóṣù. ₦31,200 nìyẹn. Nínú ₦45,000, ₦13,800 ló kù fún un, kò sì tíì jẹun ọ̀sán. Ẹni yòówù kí ẹ fi síbẹ̀, bí ó bá ti rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń san ₦10,000 lé e, yóò lọ, kò sì ní lè dúró dágbére torí ẹ̀rù ń bà á pé ẹ ó di owó oṣù rẹ̀ mú. Òótọ́ ni pé ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ ní 2024 kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Òfin kò mú yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi owó tí kò gbé ènìyàn débi iṣẹ́ wá olóòótọ́ tí yóò pẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, tó lè fẹsẹ̀ rìn tàbí tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbé, kí ẹ sì fi kún owó náà. Ẹ fi iye tó ti dín láti ọdún tó kọjá wé àfikún tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ tó sọ pé agbára yín kò gbé e.

Kí ẹ tó fi ìkéde síta, ẹ kọ iṣẹ́ náà sórí ìwé. Ojú ewé kan tó. Kí ni kaṣíà yóò ṣe láti aago márùn-ún ààbọ̀ títí yóò fi lọ? Ta ni yóò máa jábọ̀ fún? Kí ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó dé, kí sì ni ẹ lè kọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ ìkéde tí mo ń rí lórí WhatsApp ló ń béèrè “ọmọbìnrin arẹwà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó jáde yunifásítì.” Kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó ń ka búrẹ́dì. Ẹni tó jáde yunifásítì tó gba iṣẹ́ yìí ń wá òmíràn lọ lọ́wọ́ ni. Ohun tí ẹ nílò ni ẹni tó lè ṣírò, tó lè kọ̀wé tó ṣeé kà, tó lè dé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sì lè sọ òótọ́ nígbà tí òótọ́ bá korò. Kí ìkéde yín sọ iye owó oṣù ní pàtó, àdúgbò, àsìkò iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún fọ́ọ̀mù.

Ẹ sọ pé gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ìtàkùrọ̀sọ lásán máa ń fún ẹni tó yá mọ́ni láǹfààní, iṣẹ́ kaṣíà kò sì sí lẹ́nu. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ náà gan-an lórí ìwé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lo fóònù wọn ṣe ìṣirò. Ẹ lè lo irú èyí:

Búrẹ́dì 40 kù lánàá, 260 wọlé láàárọ̀. Ẹ ta 231, ₦1,200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà dá 5 padà, ẹ sì dá owó wọn padà nínú dúrọ́ọ̀. 5 náà ṣì ṣeé tà. Mẹ́ta mìíràn tó wà lórí pẹpẹ rún. Nínú ohun tí ẹ tà, ₦118,000 wọlé nípa tiransífà, ₦64,000 nípa POS, ẹnì kan sì kó 20 láwìn. ₦10,000 ni owó ṣéńjì àárọ̀. Búrẹ́dì mélòó ló yẹ kó wà lórí pẹpẹ? Èló ló yẹ kó wà nínú dúrọ́ọ̀? ₦73,600 lẹ bá níbẹ̀. Kí lẹ máa ṣe?

Búrẹ́dì 71 ló yẹ kó kù. Ọjà tó dúró jẹ́ 226, ìyẹn ₦271,200. Bí ẹ bá yọ tiransífà, POS àti àwìn ₦24,000, ₦65,200 ló kù. Ẹ fi owó ṣéńjì kún un, ó di ₦75,200. ₦1,600 ló dín. Ẹni tó gbàgbé owó ṣéńjì tàbí àwìn ṣeé kọ́. Ẹni tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ẹni tó yí nọ́ńbà padà kí ó lè bá owó mu. Bákan náà ni ẹni tó ní òun á fi owó ara òun dí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni: ó dà bí ìwà rere, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi owó tirẹ̀ dí i lónìí lè mú tiyín dí ti ara rẹ̀ lọ́la, ẹ kò sì ní mọ ìgbà tí jíjò náà bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn tó dára jù ni: “Màá tún un kà, màá wo àkáǹtì bóyá tiransífà kan kò wọlé, màá kọ iye tó dín sínú ìwé, màá sì sọ fún yín kí n tó lọ.”

Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá ṣe é dáadáa ni kí ẹ pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn, ní títẹ̀léra kan náà, kí ẹ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2022, Paul Sackett, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀nà ìgbanisíṣẹ́ yẹ̀ wò: irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ṣètò báyìí ló borí, iye ọdún tí ènìyàn sọ pé òun ti ṣiṣẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ bí yóò ṣe ṣe sí. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe rí, ẹ má béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe: “Ìgbà wo ni owó tàbí ọjà dín lọ́wọ́ yín rí? Kí lẹ ṣe? Ta lẹ sọ fún?” “Oníbàárà wo ló bínú sí yín rí, báwo lẹ ṣe parí rẹ̀?” “Báwo lẹ ṣe máa ń dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀?” Ẹ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5. Bí ẹ bá mú ẹnì kejì jókòó tì yín, kí òun náà kọ máàkì tirẹ̀ kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀, kí ti yín má baà fa tirẹ̀ lọ. Ẹ má béèrè ìgbà tí ọmọbìnrin máa lọ́kọ tàbí ìgbà tó máa bímọ. Ẹ má sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe àyẹ̀wò HIV kí ó tó rí iṣẹ́. Òfin kan ti 2014 ka ìyẹn léèwọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó yege wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ wò ó, ẹ san owó ọjọ́ náà fún un.

Ẹ pe ibi tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, lẹ́yìn tó bá ti gbà kí ẹ pè wọ́n. Nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín wá rí ni kí ẹ pè, torí ẹni tó fún yín ní nọ́ńbà lè ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ta tó: iṣẹ́ wo ló ṣe, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ tó sì parí, ṣé wọ́n lè gbà á padà? Bí wọ́n bá dákẹ́ díẹ̀ lórí ìkẹta, ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ní ti onídùúró, ẹ gba méjì, kí ẹ sì dé ibi iṣẹ́ tàbí ilé wọn. Àmọ́ onídùúró kò lè rọ́pò ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́, ẹ wò ó, ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ dá ojúlówó padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀dà náà, NIN àti àdírẹ́sì wọn, ẹ tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Òfin ààbò dátà ti 2023 de ilé iṣẹ́ kékeré náà.

Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, kí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin fún yín ní oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é. Kí orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà níbẹ̀, irú iṣẹ́, owó oṣù àti ọjọ́ tí ẹ ó máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, owó àìsàn àti iye ọjọ́ tí ẹ̀yin tàbí òun gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó parí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tó tó wákàtí kan lápapọ̀ láàárín iṣẹ́, àti ọjọ́ kan gbáko lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 12, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni ìsinmi ọdún pẹ̀lú owó. Àìsàn tí dókítà fọwọ́ sí, tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Níwọ̀n bí ààrò ti wà ní ilé iṣẹ́ yín, ẹ tún lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó fara pa: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni ẹ ó máa san, òun ló ń gbọ̀ràn bí ẹnikẹ́ni bá jóná tàbí fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kí kaṣíà tuntun wo bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kejì, kí òun ṣe é, kí ẹlòmíràn máa wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí dúrọ́ọ̀ di tirẹ̀. Ẹ bá a jókòó ní ìparí oṣù kìíní pẹ̀lú ìwé owó níwájú yín.

Ó wá ku ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ fún un ní ìdánwò kan náà tí ẹ fún àwọn tó kù. Bí kò bá yege, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ dídi búrẹ́dì sí náílọ̀nù tàbí títò ó fún àwọn tó ń kó ọjà máa bá a mu, kí ẹ sì sọ owó tó wà níbẹ̀ fún un kó tó gbà. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, níkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìwé ìdánwò náà lọ́wọ́, kí ẹ tó pe ìyá rẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n yín kò ní rí ẹjọ́ rò lórí nọ́ńbà bí yóò ṣe rò ó lórí “kò mọ̀ ọ́n ṣe.” Bí ó bá sì di pé kí ó lọ, ẹ fún un níwèé ìfitónilétí bíi ti òṣìṣẹ́ yòókù: ọjọ́ kan bí kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan bí ó bá ti ju oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí kí ó tó pé márùn-ún, oṣù kan láti ọdún márùn-ún lọ. Ẹ san owó gbogbo ọjọ́ tó ti ṣe títí dé ọjọ́ tó máa lọ. Kaṣíà kejì náà, ẹ ṣírò ohun tí ẹ yọ nínú owó rẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda, kí ẹ dá a padà fún un, kí ó sì fọwọ́ síwèé pé òun gbà á.